Bàbá Oníwáyà àti Àwọn Àpótí Tó Pé

Wọ́n ní ó ta eegun ènìyàn. Ohun tí gbogbo ilé ń sọ nìyẹn, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí omi ẹ̀rọ. Wọ́n ní ọwọ́ bà á ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ti ń ṣiṣẹ́, pé apá òkú ló wé sínú aṣọ tó ń gbé jáde ní géètì, pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lé e. Ìyàwó onílé wa, ẹni tí kò lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́ ṣùgbọ́n tó ń rí gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ògiri, tún wá fi iyọ̀ sí i. Ó ní apá méjì ni, kì í ṣe ẹyọ kan.

Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe. Apá kan ni. Kò tà á. Kò sì sẹ́ni tó lé e. Èmi ni mo rán àpò tó fi gbé e, ó yẹ kí n mọ̀.

Yàrá rẹ̀ àti tèmi dojú kọ ara wọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan ló là wá láàárín. Ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń gbé máṣíìnì ìránṣọ mi sí nítorí ìmọ́lẹ̀, nítorí náà bí ó bá ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, èmi ló máa kọ́kọ́ rí. Ìyàwó rẹ̀ ti kú kí n tó kó dé ilé náà, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ti wà nílé ọkọ. Èmi ló wá ń bá sọ̀rọ̀. Oníwáyà ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí wáyà wẹ́wẹ́ tí kì í tán lápò ẹ̀wù rẹ̀. Bí ayálégbé tuntun bá ti kó dé, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbé áyọ́ọ̀nù tó bàjẹ́ tọ̀ ọ́ wá.

"Bàbá Oníwáyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, kò gbóná mọ́."

"Èmi kì í tún nǹkan oníná ṣe, ọmọ mi. Eegun ni mo ń fi wáyà so."

"Eegun kí ni, bàbá?"

"Eegun ènìyàn ni."

Ẹ ó rí i bí onítọ̀hún yóò ṣe máa fi ẹ̀yìn rìn, tó gbá áyọ́ọ̀nù rẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á. Èmi á wá máa rẹ́rìn-ín lórí máṣíìnì.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn lóòótọ́. Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga yẹn, ẹ̀ka kan wà tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ọmọ ènìyàn fúnra rẹ̀: ibi tó ti ṣẹ̀ wá, bí ara rẹ̀ ṣe rí, bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀, bí ó ṣe ń bá ọmọnìkejì rẹ̀ gbé. Orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ náà gùn bí okùn kànga, mi ò lè pè é, òun náà kò pè é rí kó má kọsẹ̀ láàárín. Yàrá mẹ́rin ló wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ níbẹ̀, òun ló ń ṣí wọn, òun ló ń tì wọ́n. Ọ̀kan jẹ́ ti eegun. Èkejì jẹ́ ti ohun tí wọ́n wú jáde nínú ilẹ̀, àpáàdì, òkúta tí àwọn ará ìgbàanì fi ń gé ẹran. Ẹ̀kẹta kún fún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ohùn àwọn ènìyàn sílẹ̀, kí wọ́n lè mọ bí èdè ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹrin, àga nìkan ló wà níbẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ nípa ìwà àti ìṣe, pé ìyẹn kò ṣeé kó sínú àpótí.

"Kí ni wọ́n wá ń kọ́ wọn níbẹ̀?"

"Wọ́n ń kọ́ wọn pé kí wọ́n lọ bá àwọn ènìyàn gbé, kí wọ́n jẹ ohun tí wọ́n ń jẹ, kí wọ́n pa ẹnu mọ́ títí ọ̀rọ̀ wọn á fi yé wọn. Kí wọ́n má fi ojú ilé tiwọn wo ilé onílé."

"Ìyàwó onílé ló yẹ kó lọ jókòó sórí àga yẹn," mo ní.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn ní ìrọ̀lẹ́. Ó lè bọ́ bàtà rẹ̀ kó ní, "Ìyá Aránṣọ, ṣé o mọ̀ pé àkìtàn ni wọ́n fẹ́ràn láti máa wú jù lọ? Wọ́n ní ẹnu ènìyàn lè purọ́, àkìtàn rẹ̀ kò ní purọ́."

"Háà! Kí wọ́n má dé ẹ̀yìnkùlé tèmi o. Àjákù aṣọ àwọn oníbàárà mi ló kún bẹ̀."

Tàbí kó ní wọ́n ti ṣàlàyé ẹ̀ délẹ̀délẹ̀ pé ìdí kan náà ni gbogbo ọmọ aráyé ti wá, pé bí wọ́n bá ka awọ kúrò, kò sí ẹ̀yà tí eegun rẹ̀ sàn ju ti ẹ̀yà kejì lọ. Mo ní kó lọ sọ fún onílé, torí ó ti sọ lójú gbogbo wa pé orí ayálégbé kì í pé bí orí onílé.

Ọjọ́ kan, olùkọ́ kan tó wà ní yàrá ohùn mú un jókòó, ó fẹ́ mọ bí a ṣe ń pe ẹbí wa. Ó ní, "Bàbá, ọmọ tí ẹ̀gbọ́n bàbá yín bí, tí ẹ dàgbà jù ú lọ, kí lẹ ń pè é?" Oníwáyà ní àbúrò òun ni. "Èyí tí ìyá yín bí tẹ̀ lé yín ńkọ́?" Àbúrò òun ni. "Ọmọ aládùúgbò yín?" Àbúrò òun náà ni. Ó ní ọkùnrin náà fi bírò họ orí. "Bàbá, báwo lẹ wá ṣe ń mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn?"

Oníwáyà ní òun dá a lóhùn pé, "Ọjọ́ tí ìyà bá dé, a ó mọ̀."

Ó sọ ìyẹn fún mi, a sì jọ rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà yẹn.

Ó ní ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, Oníwáyà gun ògiri ilé tí wọn kò tíì kọ́ tán, ó yọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sáré wọ abẹ́ rẹ̀ kó lè gbà á mú, orí rẹ̀ gan-an ni Oníwáyà wá wó lé. Apá ọ̀tún ẹ̀gbọ́n kán. Wọ́n kò sí nítòsí ilé ìwòsàn kankan, ìyá wọn ló fi pákó méjì àti àkísà dì í. Ó jinná, ṣùgbọ́n ó wọ́ bí ọrùn ṣíbí àtijọ́. Láti ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n ti di alòsì. Iṣẹ́ bíríkìlà ló kọ́, ọwọ́ òsì ló fi ń mọ ilé. Bí àwọn méjèèjì bá sì ń jà, kò ní wí àwíjàre, apá wíwọ́ yẹn ni yóò gbé sókè.

"Wò ó dáadáa! Bí kì í bá ṣe tèmi ni, agbárí rẹ ni ì bá fọ́. Dákẹ́ kí n rí ẹnu sọ̀rọ̀."

Ìgbà tó yá, ẹ̀gbọ́n wá iṣẹ́ lọ. Ó ní bí ilé tí àwọn ń kọ́ bá ti parí, òun ń bọ̀. Wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìyá wọn gbé àga sí ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ ló jókòó sí di arúgbó. Bàtà ẹni tó bá ń kọjá ló máa ń wò, kò kúkú wo ojú wọn mọ́. Nígbà tí ikú ń bọ̀, ó pe Oníwáyà. Ó ní, "Mú ẹ̀gbọ́n rẹ wá bá mi. Bó bá wà láàyè, kó wá. Bó bá ti kú, gbé e wá, kó wá sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi." Oníwáyà ní, "Mo gbọ́, Ìyá."

Ó ti gbọ́, ṣùgbọ́n níbo ni yóò ti wá a? Ó béèrè títí ó rẹ̀ ẹ́.

Ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, eegun apá wíwọ́ kan wà lórí pẹpẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin tó ni yàrá eegun fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bá dé, òun ló máa fi ṣe ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Oníwáyà ló máa ń gbé e fún un lórí àwo, yóò sì jáde. Ọdún ń gorí ọdún, ó ń gbé e. Mo bi í pé ṣé ojú rẹ̀ kò rí i ni? Ó ní, "Ìyá Aránṣọ, ṣé o máa ń wo aṣọ tí o ń rán kí o máa ronú nípa ẹni tó máa wọ̀ ọ́? Iṣẹ́ ni. Mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ń sá a, mo ń kó o pamọ́."

Ọjọ́ kan, iná lọ bí ẹ̀kọ́ náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Bàbá, ẹ má lọ, ẹ bá mi gbé àtùpà dání." Ó dúró. Bó ṣe gbọ́ ẹ̀kọ́ náà nìyẹn, fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé apá náà sókè. Ó ní, "Eegun máa ń rántí ohun tó bá ojú ẹni tó ni ín. Ẹni yìí kéré nígbà tí apá yìí kán. Kì í ṣe dókítà ló tò ó, ẹni tó tò ó kò mọ̀ ọ́n tò, ṣùgbọ́n ó fi ara balẹ̀ dì í. Ẹ wo ibi tí ẹran ara ti ń di eegun mú, kò hàn dáadáa. Kò fi ọwọ́ yìí ṣe iṣẹ́ agbára nígbà tó dàgbà. Òsì ló ń lò." Oníwáyà tẹ̀ síwájú láti wo apá náà, iná sì kúrò níbi tí wọ́n ń wò. "Bàbá, ẹ di iná yẹn mú dáadáa."

Ó ní òun ń sọ fún ara òun pé apá wíwọ́ pọ̀ láyé. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e sọdá títì. Géètì ilé ìwòsàn ńlá dojú kọ géètì tiwọn gan-an. Ibẹ̀ ni àwọn òkú tí kò sẹ́ni tó wá béèrè wọn ti ń wá. Wọ́n á dúró de ẹbí wọn títí, bí ẹnikẹ́ni kò bá yọjú, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà á kọ́kọ́ lò wọ́n, lẹ́yìn náà ni eegun wọn á dé ọ̀dọ̀ Oníwáyà. Òun àti ẹni tó ń tọ́jú òkú níbẹ̀ ti jẹ́ ọ̀rẹ́ tipẹ́.

Ó bi í pé, "Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o rántí bíríkìlà kan tí apá rẹ̀ wọ́?"

"Alòsì yẹn? Ta ló máa gbàgbé aláwàdà yẹn? Orí ilé tí wọ́n ń kọ́ ló ti jábọ́. Kò kú lójú ẹsẹ̀. Ó ń gbé apá wíwọ́ yẹn han àwọn nọ́ọ̀sì, ó ń sọ pé àbúrò òun ló wó lu òun láti òkè, pé òun náà ti wá wó báyìí, kò sì sí àbúrò nísàlẹ̀."

"Kò wá sọ pé kí ẹ pe àbúrò rẹ̀?"

"Ó sọ. Orúkọ kan ló ń pè ṣáá. A béèrè káàkiri, títí dé ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Orúkọ wo?"

Ọkùnrin náà ronú díẹ̀, ó sì pè é. Orúkọ tí ìyá Oníwáyà sọ ọ́ ni. Kò sí ẹnì kan ní ibi iṣẹ́, kò sí ẹnì kan ní ilé wa yìí, tó mọ̀ ọ́n pẹ̀lú orúkọ náà. Oníwáyà ni gbogbo wa ń pè é. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n títí ó fi sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì ní kọ ọ́ síbí.

Ó lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n. "Ọ̀gá, apá tí ẹ fi ń kọ́ wọn yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Ẹ̀gbọ́n yín báwo, Bàbá?"

"Ọmọ ìyá mi. Èmi ni mo kán apá náà."

Ẹ ó máa retí pé kí n sọ pé obìnrin náà lé e jáde. Rárá. Obìnrin náà sunkún. Ó ní lójoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́ ló ń so ẹbí pọ̀, pé ẹni tí ènìyàn bá pè ní ẹbí ni ẹbí rẹ̀, pé ṣé òun ló máa wá jókòó kí òun máa béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó ń wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Ó wọ ọ́fíìsì kan, ó jáde, ó wọ òmíràn, ó bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ jà. Nígbà tó ṣe, wọ́n gbà. Ó ní, "Bàbá, ẹ lọ gbé àpótí rẹ̀. Ẹ gbé e lọ bá ìyá yín."

Mi ò rí i kí inú rẹ̀ dùn bẹ́ẹ̀ rí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ìyá Aránṣọ, bá mi rán àpò. Aṣọ tó nípọn ni kí o lò."

"Báwo ló ṣe máa tóbi tó, Bàbá?"

Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì gbọọrọ. "Odindi ènìyàn ni. Má ṣe é kékeré."

Mo rán an, mo rán ojú rẹ̀ ní ìlọ́po méjì kó má baà ya. Ó ká a sábẹ́ apá, ó mú un lọ sí ibi iṣẹ́ láàárọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ló gbé e padà. Àpò náà rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí àpò tí kò sí nǹkan nínú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Àpótí kan, ènìyàn kan. Bí ìdánwò bá dé, àpótí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ pé, láti agbárí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń jẹ́ kí nǹkan já bọ́. Eegun ìhà á ṣẹ́, eegun ọrùn ọwọ́ á sọnù sínú báàgì ọmọ kan. Bí ọdún bá parí, Oníwáyà á jókòó, á bẹ̀rẹ̀ sí í dí àlàfo inú àwọn àpótí. Bí eegun itan kan bá ṣẹ́ níhìn-ín, á mú òmíràn tó bá a dọ́gba nínú àpótí tó ti bàjẹ́ lọ́hùn-ún, á fi dí i. Gbogbo eegun náà ló ti fi omi kan náà wẹ̀, oòrùn kan náà ló sá wọn sí, àwọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ní. Kò sí ojú tó lè mọ̀ ọ́n. Wọ́n máa ń yìn ín fún un. Òun náà á máa fi yangàn fún mi pé, "Àpótí àwọn ẹ̀ka mìíràn kì í pé. Tèmi kò dín rí."

Ẹ ti rí i báyìí. Ó gbé àpótí tí apá náà bá wá sórí tábìlì, ó ń tò ó, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń sọ fún un pé ilé là ń lọ. Ìgbà tó dé orí itan ló rí i pé ọ̀kan jẹ́ ti ọ̀dọ́, èkejì jẹ́ ti àgbàlagbà. Ó wo eegun ẹ̀yìn, ó rántí ọjọ́ tí òun fúnra òun kó o wá láti ibòmíràn. Agbárí, òun ló pààrọ̀ rẹ̀. Ó ṣí gbogbo àpótí tó wà ní yàrá náà. Ó ń wá apá òsì tó nípọn, apá bíríkìlà. Apá òsì tó nípọn pọ̀ níbẹ̀, ọmọ tálákà ni gbogbo wọn, ta ni kò ṣe iṣẹ́ agbára nínú wọn? Àwọn kan lára eegun ẹ̀gbọ́n ti ṣẹ́, òun ló kó wọn dànù. Apá wíwọ́ yẹn nìkan ni kò lè fi dí àpótí ẹnì kankan, torí kò jọ ti ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ló yọ ọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Bàbá, ẹ gbé odindi àpótí náà lọ, ẹ sin ín bẹ́ẹ̀. Ìyá yín ti kú, kò ní mọ̀."

Ó ní, "Ọmọ ìyá àwọn ẹlòmíràn ló wà nínú ẹ̀, Ọ̀gá. Ta ni kí n sọ pé mo gbé wá?"

Ó mú apá náà nìkan. Ó ní kí n gé àpò kù, torí kò dára kí apá kan máa yí kiri nínú àpò ńlá. Mo gé e. Mo ti rán aṣọ fún ọmọ tuntun, fún ìyàwó, fún òkú, iṣẹ́ kankan kò nira fún mi tó ìyẹn. Bó ṣe ń kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ìyàwó onílé rí ṣónṣó eegun tó yọ lẹ́nu àpò. Ibẹ̀ ni òkìkí ti bẹ̀rẹ̀.

Mo bá a lọ sí ilé wọn. Àbúrò ìyá wọn, ìyá arúgbó tó ṣẹ́kù nínú ẹbí, jókòó dè wá. Wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì ìyá wọn, ilẹ̀ tó gùn tó ènìyàn. Ìyá náà ṣí ẹnu àpò, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fọwọ́ pa apá náà lórí ibi tó ti wọ́. Ó mọ̀ ọ́n. Ó tún ti ọwọ́ bọ àpò, ó ń wá.

"Ìyókù rẹ̀ ńkọ́?"

Oníwáyà wo ilẹ̀. "Ó wà níbi iṣẹ́, Ìyá."

"Ṣé wọn kò tíì jẹ́ kó sinmi ni?"

Wọ́n gbé apá náà sínú ilẹ̀ tó gùn náà, wọ́n bò ó. Ilẹ̀ tí wọ́n kó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ má dín nígbà tí wọ́n kó o padà, ó yọ gọngọ. Wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Oníwáyà fúnra rẹ̀ ló fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ilé wa kò gbà á mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ń kó ọmọ wọn wọlé bó bá ń bọ̀, kò sì sẹ́ni tó tún gbé áyọ́ọ̀nù wá bá a. Mo sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún ìyàwó onílé, ó ní, "Apá ẹ̀gbọ́n, apá ẹ̀gbọ́n, ṣé àpò ni wọ́n fi ń gbé ẹ̀gbọ́n?" Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kó mọ̀ láéláé. Ọmọbìnrin Oníwáyà tó dàgbà jù wá mú un lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Láàárọ̀ tí wọ́n ń kó ẹrù rẹ̀, ó wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì mi. Ó ní òun ti lọ dá kọ́kọ́rọ́ padà. Obìnrin kan ni wọ́n gbà sípò òun, ọwọ́ rẹ̀ yá, kò bẹ̀rù, wáyà sì ti wà lápò rẹ̀.

Oníwáyà ní, "Mo bi í pé, ìdánwò ńkọ́? Ó ní ó kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo ní, àpótí tí mo mú apá rẹ̀ lọ ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín sí mi, Ìyá Aránṣọ. Ó ní, 'Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Mo ti rí òmíràn fi sí i. Gbogbo wọn ló pé.'"